Ta ló ṣì ń ka èémí aláìsàn? Gbogbo ṣáàtì ló kún fún "20"

Olùkọ́_Wọ́ọ̀dù | Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn wá wò wá. Mo ní ìbéèrè kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. (N kò ní dárúkọ ọsibítù náà, ẹ má bi mí.) Mo ní kí wọ́n gba vitals gbogbo aláìsàn, ẹni 14: ìgbóná ara, ìlùkìkì ọkàn, ìfúnpá, ọ́síjìn àti èémí. Nígbà tí wọ́n kó ìwé wá, mo wo ibi tí wọ́n kọ èémí sí, ìyẹn iye ìgbà tí èèyàn mí ní ìṣẹ́jú kan: 20, 20, 20, 20, títí dé ìsàlẹ̀. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún, 20. Ọmọge tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, 20. Bíi pé ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n, tí ẹnì kan dúró níwájú tó ń darí wọn.

Ọ̀kan nínú wọn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ìyàwó tuntun ni, làálì ìgbéyàwó rẹ̀ ṣì dúdú minimini dé èékánná. Ohun tí wọ́n kọ fún un rèé: ìgbóná ara 38.4, ìlùkìkì ọkàn 118, ìfúnpá 116/70, ọ́síjìn 97, èémí 20. Mo lọ dúró ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, ó ń pa dé. Kò lè sọ̀rọ̀ méjì tẹ̀léra kó má mí sí i láàárín. Mo yọ aago mi, mo kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. 34.

Mo pe ọmọbìnrin tó kọ ọ́. Mo ní, "Báwo lo ṣe kà á?" Ó ní, "Ma, oximeter ní 97." Ẹ gbọ́ o! Mo bi í léèrè èémí, ọ́síjìn ló fi dá mi lóhùn. Ẹ̀rọ tí a ń fi há ọmọ ìka yẹn kì í ka èémí. Ìlùkìkì ọkàn àti ọ́síjìn ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìfúnpá kì í kà á, tẹmómítà kì í kà á. Ní wọ́ọ̀dù wa, èémí nìkan ló kù tó jẹ́ pé ojú àti aago ló ń kà á, òun gan-an la wá pa tì.

Wọ́n pe dókítà, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, òtútù àyà ni. Ọjọ́ kẹjọ ló lọ sílé, a dúpẹ́.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé kí á máa fi ọdún kan gbáko kọ́ àwọn ọmọ yìí ní ojú àti ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan? Àbí èmi ni mo ti darúgbó?

Àdùkẹ́_Iṣẹ́Alẹ́ | 8:59 alẹ́

Ní ọsibítù tiwa, 20 ni orúkọ àbísọ èémí. Nọ́ọ̀sì tí kò bá kọ ọ́ rí, kó kọ́kọ́ sọ òkò.

Ọdún_Kejì | 9:20 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ma, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. N kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tiyín, ṣùgbọ́n ọdún kejì lèmi náà wà.

Bó ṣe rí nìyí. Nọ́ọ̀sì kan ní iṣẹ́ àárọ̀, aláìsàn 30. Tí a bá ka èémí ẹni 30 fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ààbọ̀ wákàtí ti lọ, a ò tíì wọn ìfúnpá ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló sọ fún mi pé, "Kọ 20. Ẹni tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, kọ 22 fún un."

Dummy ilé ìwé wa, bèbí ńlá tí a fi ń kọ́ iṣẹ́, ńkọ́? Àyà rẹ̀ kì í gbéra. Apá rẹ̀ kan ti já, pílásítà la fi dì í mú. Àwa 40 la ń yí i ká, ẹni tó bá wà lẹ́yìn, ìpàkọ́ ẹni iwájú ló ń kọ́. Ìdánwò Kánńsù, ìgbìmọ̀ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ, sì ti di orí kọ̀ǹpútà. "Èémí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, mélòó ni?" Mo mọ̀ ọ́n: 12 sí 20. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gba máàkì mi. Ìdánwò ojú bẹ́ẹ̀dì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, gbogbo wa la máa ń kà á dáadáa, bí ìyàwó ilé tí ìyá ọkọ wá kí.

Nọ́ọ̀sì_Leeds | 10:41 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ma. Leeds ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹfà mi rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìlú òyìnbó ò yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orí tàbúlẹ́ẹ̀tì la ń kọ gbogbo vitals sí. Tí o kò bá kọ èémí, kò ní jẹ́ kí o kọjá. Kí làwọn kan wá ń ṣe? Wọ́n á kọ 16. Tàbí 18. Tàbúlẹ́ẹ̀tì lè fipá mú ọ kọ nọ́ńbà, kò lè fipá mú ọ wo àyà èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wo ti ìyàwó tuntun yẹn. NEWS2 ni ìlànà tí a ń lò níbí, Royal College of Physicians ló gbé e jáde ní 2017. Ohun kọ̀ọ̀kan tí o bá wọ̀n ní máàkì tirẹ̀, láti 0 dé 3, bí máàkì bá sì ṣe ń ga ni ewu ń súnmọ́. Ìgbóná 38.4 gba 1. Ìlùkìkì 118 gba 2. Ìfúnpá 116 gba òdo, ọ́síjìn 97 gba òdo. Tí èémí bá jẹ́ 20, òdo náà ni, àpapọ̀ jẹ́ 3. Ẹnikẹ́ni ò ní sáré. Ẹ wá fi 34 tí Olùkọ́ kà rọ́pò rẹ̀: èémí nìkan gba 3, àpapọ̀ di 6. Láti 5 sókè, wọ́n gbọ́dọ̀ ké sí dókítà ní kíá. Ẹyọ nọ́ńbà kan tí ẹnì kan hùmọ̀ ló pa ẹnu ìlànà náà mọ́.

97 yẹn gan-an, n kò gbà á gbọ́ tán. Ní oṣù Kejìlá 2020, àwọn dókítà University of Michigan tẹ ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n mú àwọn aláìsàn tí oximeter sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96, wọ́n fi wé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà nínú iṣan wọn. Nínú àwọn aláwọ̀ funfun, ìdá 3.6 nínú 100 ló jẹ́ pé ọ́síjìn wọn ní tòótọ́ kò tó 88. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú, ìdá 11.7. Àwọn FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní oṣù Kejì 2021. Ọdún mélòó la ti ń fi ẹ̀rọ yìí há ìka ara wa ká tó gbọ́?

Alátùn-únṣe_Ẹ̀rọ | 11:15 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ síbẹ̀, torí èmi ni wọ́n ń gbé àwọn ẹ̀rọ yìí wá bá tó bá bàjẹ́.

Iná kékeré méjì ló wà nínú ẹ̀rọ ìka yẹn, ọ̀kan pupa, èkejì jẹ́ infrared tí ojú ò lè rí. Wọ́n ń tàn gba inú ìka kọjá, ohun kan wà ní òdìkejì tó ń gbà wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tí kò gbé e kì í fa ìmọ́lẹ̀ méjèèjì mu bákan náà. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ń sọ di nọ́ńbà. Ará Japan kan, Takuo Aoyagi, ló hú ọgbọ́n yìí jáde láàárín àwọn ọdún 1970. Ọgbọ́n ńlá ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bú u. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, ohun tó bá sì dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà á da ìṣirò rú: àwọ̀ ara, làálì dúdú, ọ̀dà èékánná, ọwọ́ tó tutù, ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Olùkọ́, ẹ bá ti gbìyànjú etí ìyàwó yẹn wò, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há etí wà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èéfín jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó sùn sínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, tí jẹ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, carbon monoxide ti jókòó sórí àga ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ há ìka rẹ̀: 98, 99. Ẹ̀rọ ò dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Èèyàn ń kú lọ, nọ́ńbà ń rẹ́rìn-ín.

Ká má tíì wá sọ ti ayédèrú. Ọ̀kan tí wọ́n gbé wá fún mi, mo fi há bíró mi wò. Bíró ní ọ́síjìn 98, ìlùkìkì ọkàn 76. Mo bá a yọ̀.

Àdùkẹ́_Iṣẹ́Alẹ́ | 11:18 alẹ́

Bíró náà ò tíì ka èémí. Ẹ kọ 20 fún un.

Síítà_Àgbà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Aago tí a ń kọ́ mọ́ àyà, tó dorí kodò, òun ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀. Ìwọ ọmọ ọdún kejì, gbọ́ ọgbọ́n kan. Di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú, ka ìlùkìkì rẹ̀. Tó o bá kà á tán, má tú ọwọ́ sílẹ̀. Jẹ́ kí ojú rẹ ṣí lọ sí àyà rẹ̀, kí o wá máa ka èémí. Kó má mọ̀ o. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun á bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò.

Omi dírípù náà, ojú la fi ń kà á. Líta kan ní wákàtí 8, tí ẹ̀kán 20 bá jẹ́ mìlílítà kan nínú okùn rẹ̀, ẹ̀kán 42 ni ní ìṣẹ́jú kan. Títí di òní, tí ẹ̀rọ omi bá ń jò nílé mi, ọkàn mi á ti máa kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ayé àtijọ́ ló dáa, ẹ rọra o. Kò sí oximeter láyé tiwa, àwa náà sì parọ́. 18 la máa ń kọ.

Olùkọ́_Wọ́ọ̀dù | 6:50 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ kú àárọ̀ ma. Ẹ ti tú mi láṣírí. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, 18 lèmi náà kọ fún gbogbo wọ́ọ̀dù ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ ń ro mí. N kò rántí rẹ̀ mọ́ àfi bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí.

@Ọdún_Kejì, dìde lórí ìkúnlẹ̀. Òótọ́ lo sọ nípa iye èèyàn, n kò ní bá ọ jiyàn. Ní ti dummy, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1911, ilé ìwé nọ́ọ̀sì kan ní Hartford, ní Connecticut, gba tiwọn lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ṣe bèbí fún àwọn ọmọdé, Martha Jenks Chase. "Mrs. Chase" làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe dummy náà, bí ẹni pé aláìsàn gidi ni. Wọ́n ń fi í kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn àti bí wọ́n ṣe ń wọṣọ fún un. Kì í mí. Àwọn tuntun ń mí: tí a bá sọ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé 34, àyà á gbéra nígbà 34 ní ìṣẹ́jú kan. Iye tí wọ́n dá lé e fún ilé ìwé wa, akápò gbé ìwé náà padà fún mi láìsọ̀rọ̀.

Agbẹ̀bí_Ìlọrin | 1:33 ọ̀sán

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé ohun tó ní bátìrì nìkan ni irinṣẹ́. Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rá, náílọ́ọ̀nù lásán.

Tẹ́lẹ̀, tí obìnrin bá bímọ tán, ojú la fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó dà. A wo aṣọ, a wo ilẹ̀, a ní "kò pọ̀ jù." Irọ́ ni, ó ti pọ̀. Ní 2023 wọ́n gbé èsì E-MOTIVE jáde, ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ. Ọsibítù 80 ní Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania, obìnrin tó lé ní 210,000. Ọ̀rá kan ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyá ọmọ, ó rí bí àrọ nísàlẹ̀, wọ́n fa ìlà sí i lára, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú rẹ̀, o wo ìlà. Tó bá ti dé ìlà, kò sí "ẹ jẹ́ ká máa wò ó": wọ́n ra ilé ọmọ, wọ́n fún un ní oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, oxytocin àti tranexamic acid, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ dídà tó le gan-an àti ewu tó ń tìdí rẹ̀ yọ fi ìdá 60 nínú 100 dín kù.

Kò lo dátà, kò lo iná. Ṣùgbọ́n Olùkọ́, ẹ ṣàkíyèsí o ma: níbi tiwa, ojú ló ń parọ́, ọ̀rá ló ń sọ òótọ́. Nítorí náà, "ojú àti ọwọ́ fún ọdún kan" yẹn, n kò rò pé mo fara mọ́ ọn.

Ọmọ_Aláìsàn | 3:10 ọ̀sán

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Fóònù yín gan-an ni kí ẹ sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí bàbá mi wà ní ọsibítù kan, wọ́n ya ṣáàtì rẹ̀ ní fọ́tò, wọ́n jù ú sí gúrúùpù WhatsApp wọ́ọ̀dù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti pè mí láti ìlú mìíràn: ṣé lóòótọ́ ni pé bàbá ní àtọ̀gbẹ? Àwa ọmọ ò tíì gbọ́!

Nọ́ọ̀sì_Leeds | 4:02 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́ gidigidi. Ẹ kò já lu ọ̀rọ̀ rárá. Ẹsẹ 26 nínú Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní Nàìjíríà ti sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn, òfin dátà ti 2023 sì tún wà. Ẹni tó ya fọ́tò yẹn lè jẹ́ pé dókítà ló ń wá, kì í ṣe ìkà. Kò sọ ọ́ di ohun tó dáa.

Olùkọ́_Wọ́ọ̀dù | 9:12 alẹ́

Agbẹ̀bí, o gbá mi mú. Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n tún ìbéèrè mi gbé kalẹ̀: èwo nínú irinṣẹ́ tó wà lápò wa báyìí ló lè kọ́ ojú ọmọ kan bí wọ́n ṣe ń ka èémí, nígbà tí dummy ò mí, tí aláìsàn kan ò sì ṣeé yí ká fún èèyàn 40?

Agbẹ̀bí_Ìlọrin | 9:30 alẹ́

Fídíò ma. Nígbà tí wọ́n kọ́ wa ní IMCI, títọ́jú àwọn ọmọdé, fídíò àyà àwọn ọmọ ni wọ́n fi hàn wá, a sì ń kà. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 60 sókè ti yá jù. Oṣù 2 sí 11, 50 sókè. Ọdún kan sí ọdún márùn-ún, 40. Títí dòní, mo ṣì ń rí àyà àwọn ọmọ yẹn lójú mi.

Alátùn-únṣe_Ẹ̀rọ | 9:44 alẹ́

App kan wà, RRate, tí àwọn ará University of British Columbia ní Kánádà ṣe. Bí aláìsàn bá ṣe ń mí sínú ni o ń tẹ ojú fóònù. Ó ń wo àlàfo láàárín títẹ̀ kan sí èkejì, ó sì sọ iye èémí fún ọ. Tó bá jẹ́ ààbọ̀ wákàtí ni ìṣòro, ó dín in kù.

Síítà_Àgbà | 9:58 alẹ́

Ẹni tó bá ń mí ségesège ńkọ́? Tó mí mẹ́rin, tó dákẹ́, tó tún mí méjì? Ẹ ka ìṣẹ́jú kan gbáko fún ìyẹn o, app tàbí kò sí app.

Ọdún_Kejì | Ọjọ́bọ̀, 7:26 alẹ́

Olùkọ́, mo ti gbìyànjú rẹ̀ wò ma. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 19, mo bẹ̀ ẹ́, ó gbà. Mo ní kó sáré yí ilé wa ká nígbà mẹ́ta, kó wá dùbúlẹ̀. Mo ya àyà rẹ̀ nìkan fún ìṣẹ́jú kan. Kò sí ojú, kò sí orúkọ, nítorí ọ̀rọ̀ bàbá tí wọ́n sọ lókè yẹn. Mo kà á lórí fídíò lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo dín eré rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀kan: 31.

Ní kíláàsì lónìí, tútọ̀ wa gbà kí á gbé e sí ara ògiri pẹ̀lú prójẹ́kítọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀ sórí bébà. Ẹni tó kéré jù ní 17, ẹni tó pọ̀ jù ní 44. Ẹni 44 yẹn ń ka wíwọlé, ó sì ń ka jíjáde! Ọdún méjì ló ti wà ní ilé ìwé yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kà á, òun gan-an ò mọ̀. Ẹni mẹ́ta kọ 20. Tútọ̀ bi wọ́n, wọn ò tilẹ̀ wo ògiri. A tún un wò lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà kẹta, àwa tó pọ̀ jù wà láàárín 29 sí 33. NEPA gbé iná kó tó di ẹ̀kẹrin.

Olùkọ́_Wọ́ọ̀dù | 7:40 alẹ́

Fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi, jọ̀ọ́. Kí àbúrò rẹ kọ́kọ́ gbà o.

Ọdún_Kejì | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:18 ọ̀sán

Ó gbà ma, ó ní kí n bá òun béèrè owó gàrí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní wọ́ọ̀dù ni. Wọ́n pín ẹni 9 fún mi. Mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú bí Ìyá wa ṣe wí. 16, 22, 14, 18, 28 (mo lọ pe nọ́ọ̀sì, ó tẹ̀ lé mi wá, ó kà á fúnra rẹ̀, ó ní 28), 17, 24, 15. Ẹni kẹsàn-án jẹ́ 20. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, 20 náà ni. Ẹ̀rù ń bà mí láti kọ ọ́.